Mo Ti Mọ Ibi Tó Ń Lọ

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gé bùbá ní Tákíẹ,
pépà kan náà, ó ti gbó, etí rẹ̀ ti ká bí ewé kaṣú nínú ọyẹ́.
Nítorí náà, nígbà tí Ìbíwùmí gbé kọ̀ǹpútà ìyá rẹ̀ ka orí tábìlì ìgéṣọ,
tó ní, "Bàbá, ẹ wá wo kátúùnù, wọ́n ń kọrin nínú rẹ̀,"
ojú aránṣọ ni mo fi wò ó.
Mo ń wá ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀.

Mo rí i kíá.
Ọmọ òrukàn kan tó ń ta àtùpà létí odò.
Mo ní: yóò kúrò nílé.
Ó kúrò nílé.
Mo ní: ẹranko kan yóò bá a rìn, òun ni yóò máa pa wá lẹ́rìn-ín.
Òòrẹ̀ yọ látinú ihò, ó ń bẹ̀rù òkùnkùn.
Mo ní: ẹ wo àbúrò bàbá rẹ̀ yẹn, onírùngbọ̀n ṣóńṣó,
òun ló jí àtùpà ńlá gbé.
Akínrínọlá ní, "Bàbá, ẹ dákẹ́ ná!"
Mo rẹ́rìn-ín. Mo bu ẹ̀pà sẹ́nu.
Ṣé èmi ni wọn yóò fi pépà àtijọ́ tàn jẹ?

Àfi ìgbà tó kan orin àbúrò bàbá.
Mo ti ń retí ariwo, ẹ̀rín burúkú, mànàmáná.
Ọkùnrin náà jókòó sórí àpótí,
ó gbé bàtà ọmọ náà tó já lé itan,
ó ń rán an.
Orin rẹ̀ kò ju kíkùn lọ,
irú èyí tí ènìyàn ń kùn tí kò fẹ́ kí ẹni tó sùn jí.
Bí abẹ́rẹ́ bá wọlé, orin á dúró;
bí òwú bá jáde, orin á tẹ̀ síwájú.
Ẹni tó ya àwòrán yẹn mọ̀ pé a máa ń lá ṣóńṣó òwú
kí a tó kì í bọ ojú abẹ́rẹ́.
Ó yà á. Ahọ́n yọ díẹ̀, ó padà.
Olè ni.
Olè náà ló rí i pé bàtà já.

Nǹkan há mi lọ́fun. Mo ní ẹ̀pà ni.
Ìbíwùmí wo ojú mi, kò sọ̀rọ̀,
ó kàn ti ife omi sún mọ́ mi.

Mo rántí Ìyá Adéyọyin,
tí èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ
látàrí apẹ̀rẹ̀ máńgòrò.
Pépà kan náà ni mo fi gé tirẹ̀,
ṣùgbọ́n mo fi ìka méjì sílẹ̀ lápá òsì.
Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi òun,
lọ́jọ́ tó wọ̀ ọ́, tó pẹ́ níwájú dígí.

Ọmọ náà ti gun orí òkè,
ó ti la ẹnu, orin fẹ́ẹ̀ jáde,
kọ̀ǹpútà kú.
Kò síná láti àárọ̀; ìwọ̀nba inú bátìrì ló tán.
Àwọn ọmọ figbe ta.
Mo ní, ẹ má sunkún, mo mọ ìparí rẹ̀:
àtùpà yóò tàn, yóò padà sílé, gbogbo wọn yóò jó.
Wọ́n gbà. Wọ́n sùn.

Èmi kò sùn.
Máńgòrò já lu páànù aládùúgbò, mo gbọ́.
Èkejì já, mo gbọ́.
Ṣé bàtà yẹn ló wọ̀ gun òkè?
Ṣé ó tiẹ̀ mọ ẹni tó bá a rán an?

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí mo fi ki kọ̀ǹpútà mọ́ abíyá,
ó di Sábó, níbi tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ gbaná sí fóònù.
Ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe ní kùtùkùtù báyìí?"
Mo ní iṣẹ́ aránṣọ kan wà nínú rẹ̀,
mo mọ bó ṣe máa parí,
ọwọ́ tó fi parí rẹ̀ ni mo fẹ́ wò.